ÌMỌ̀RÀN FÚN ONÍMỌ́TÒ: Bí Bíréèkì Bá Ń Rì Lábẹ́ Ẹsẹ̀

Nínú ìwé wa tí ó kọjá, a ṣèlérí pé a ó sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń di ẹrù sínú ọkọ̀ tí a fẹ́ fi ránṣẹ́ sílé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ forí jì wá. A ó sún ọ̀rọ̀ ẹrù síwájú. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Dagenham East ní oṣù tí ó kọjá ni ó gba ipò rẹ̀, nítorí pé díẹ̀ ni ó kù kí ó di ọ̀rọ̀ ẹkún.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa, ọmọ Ẹ̀fọ̀n Aláayè, ra píkọ́ọ̀pù àtijọ́ kan. Dísù ni ọkọ̀ náà ń mu, ó sì ti lé ní ogún ọdún. Ẹ̀yin náà mọ ìdí tí irú rẹ̀ fi pọ̀ lọ́jà. Láti ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 2023 tí òfin èéfín ọkọ̀ tí a ń pè ní ULEZ ti kan gbogbo London, ẹni tí ó bá wa ọkọ̀ dísù bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò wa yóò máa san £12.50 fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí ó bá gbé e jáde. Àwọn tí ó ni wọ́n a máa wá ẹni tí yóò bá wọn gbé e kúrò nílẹ̀. Arákùnrin wa kò ra tirẹ̀ láti máa wà á níhìn-ín. Bàbá rẹ̀ ni ó rà á fún, kí bàbá lè máa fi kó iṣu àti kòkó láti oko wá sílé.

Ní ọjọ́ tí ó lọ gbé ọkọ̀ náà, iná pupa kékeré kan ń tàn níwájú rẹ̀ láti ibi tí ó ti gbéra. Ó rò pé bíréèkì ọwọ́ ni kò wálẹ̀ tán. Nígbà tí ó dé orí afárá tí ó wà létí ibùdókọ̀ ojú irin Dagenham East, ní Rainham Road South, ọkọ̀ ti tò síwájú rẹ̀. Ó tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ pátápátá bí ẹni tẹ ẹrẹ̀. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó fa bíréèkì ọwọ́, ó já jíà sílẹ̀. Ìwọ̀n apá kan ni ó kù kí ó kan ìdí bọ́ọ̀sì tí èrò ń wọ̀ lọ́wọ́.

Àwa tí a mọ àdúgbò náà rántí ohun mìíràn. Ní alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù kìíní ọdún 1958, nítòsí ibùdókọ̀ yìí kan náà, ọkọ̀ ojú irin kan kọjá àmì tí ó ní kí ó dúró, nítorí ìkùukùu tí ó bo ilẹ̀. Ó kọ lu èyí tí ó wà níwájú rẹ̀, ènìyàn mẹ́wàá sì kú. Ìkùukùu ni ó bo àmì mọ́ ẹni tí ó wa ọkọ̀ yẹn lójú. Arákùnrin wa ní tirẹ̀ rí àmì, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí ó ń sọ. Nítorí náà, kí ẹ mọ̀ dájú pé nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, iná pupa kan ṣoṣo yìí ni ó ń ṣiṣẹ́ méjì: ó ń sọ pé bíréèkì ọwọ́ wà lókè, ó sì ń sọ pé òróró bíréèkì ti lọ sílẹ̀. Bí ẹ bá já bíréèkì ọwọ́ sílẹ̀ tán tí iná kò kú, ẹ dúró.

Ní ọjọ́ kejì ni ó wá bá wa. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ wá bá mi tú atẹ́gùn inú bíréèkì yìí. Ọkọ̀ ojú omi ń lọ lọ́sẹ̀ yìí, mo sì ti sanwó." A lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni a tú atẹ́gùn náà. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ́dàlì a le díẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, a tún ti rọ̀. A ń bu òróró sí i, a rò pé èyí tí a tú jáde ni a ń dá padà. Ìgbà tí agara dá wa ni a lọ bẹ bàbá kan, ọmọ Ìjẹ̀bú, tí ó ti ṣe mẹkáníìkì nílé àti níhìn-ín kí ó tó fẹ̀yìn tì. Ó wò wá títí, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ ìwé, níbo ni atẹ́gùn náà ń gbà wọlé?"

Ìbéèrè yìí ni gbogbo ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ kọ́ yín lónìí. Atẹ́gùn kì í ṣàdédé wọ inú bíréèkì. Bí ó bá wọlé, a jẹ́ pé òróró ti jáde, tàbí ẹnì kan ti tú ibì kan. Ẹni tí ó bá tú atẹ́gùn láì wá ojú ihò dà bí ẹni tí ń gbá omi òjò nínú yàrá, tí òrùlé ṣì ń jò.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́. Bí a bá tẹ pẹ́dàlì, ọ̀pá kan a ti písítìnì tí ó wà nínú másítà bíréèkì. Písítìnì a ti òróró, òróró a gba inú páìpù lọ sí ìdí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nínú píkọ́ọ̀pù àtijọ́, ó sábà máa ń ti páàdì mọ́ dísìkì níwájú, kí ó sì ti bàtà bíréèkì mọ́ inú dúrọ́ọ̀mù lẹ́yìn. Pascal, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti ṣàlàyé rẹ̀ láti ọ̀rúndún kẹtàdínlógún pé bí a bá tẹ omi tí a sé mọ́ inú nǹkan, ipá náà yóò dé ibi gbogbo bákan náà. Ṣùgbọ́n omi kì í ṣeé fún pọ̀, atẹ́gùn ṣeé fún pọ̀. Bí atẹ́gùn bá wà láàárín, ipá ẹsẹ̀ yín yóò parí sí fífún atẹ́gùn náà, táyà kò sì ní gbọ́.

Kì í ṣe gbogbo oníṣẹ́ ọkọ̀ ni ó yára gba irú bíréèkì yìí. Duesenberg ní Amẹ́ríkà ti ń lò ó láti ọdún 1921, ṣùgbọ́n Ford kò gbà á títí di àwọn ọkọ̀ ọdún 1939. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí ó jáde ní ilé iṣẹ́ Ford ní Dagenham, ní oṣù kẹwàá ọdún 1931, ọkọ̀ akẹ́rù ni, ọ̀pá irin ni ó sì fi ń fa bíréèkì. Ford Popular tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ní Dagenham ní 1953 ṣì ń lo ọ̀pá. Ọ̀pá kò ní òróró tí yóò jò, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti mú kí ó fa táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba. Òróró ń tì wọ́n dọ́gba, ṣùgbọ́n ihò tí kò tó ojú abẹ́rẹ́ tó láti sọ ọ́ di asán. Ìdí nìyí tí a fi pín ọ̀nà òróró sí méjì nínú ọkọ̀ tòde òní, kí ọ̀kan lè mú ọkọ̀ dúró bí èkejì bá ṣẹ́. Èyí ni ó gba arákùnrin wa là lórí afárá.

Bí ojú bá farabalẹ̀, á rí imú. Kí ẹ tó mú sípánà, ẹ jẹ́ kí pẹ́dàlì fúnra rẹ̀ sọ ohun tí ń ṣe é.

Bí ó bá rọ̀ bí ìgbà tí a tẹ tìmùtìmù, atẹ́gùn ni ẹ máa fura sí.

Bí ó bá lọ sílẹ̀ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n tí ó gòkè tí ó sì le nígbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀ẹ̀mejì ẹ̀ẹ̀mẹta léraléra, ó lè jẹ́ pé bàtà bíréèkì ẹ̀yìn ti jẹ, tí ó sì ti jìnnà sí dúrọ́ọ̀mù. Ẹ tún un sún mọ́ ara wọn kí ẹ tó dá atẹ́gùn lẹ́bi.

Bí ó bá le nígbà tí ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n tí ó ń rì díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ti gbé ẹsẹ̀ lé e, òróró ń sá lọ sí ibì kan. Bí agolo òróró bá ń lọ sílẹ̀, ó ń jò síta. Bí agolo kò bá lọ sílẹ̀, rọ́bà inú másítà ni ó ti jẹ, òróró sì ń yọ́ kọjá lára rẹ̀ nínú lọ́hùn-ún.

Bí ó bá le bí òkúta, tí ọkọ̀ kò sì fẹ́ dúró, ẹ wo agolo dúdú ńlá tí ó wà lẹ́yìn másítà, èyí tí ń ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ tẹ pẹ́dàlì títí yóò fi le, ẹ má gbé ẹsẹ̀ kúrò, kí ẹ wá ta ẹ́ńjìnnì. Bí agolo náà bá dára, pẹ́dàlì yóò rọ̀ sílẹ̀ díẹ̀. Bí kò bá mì rárá, agolo náà tàbí rọ́bà tí ó ń gba afẹ́fẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ yẹ̀ wò.

Bí ọkọ̀ bá ń fà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó lè jẹ́ pé písítìnì iwájú kan ti há, tàbí pé rọ́bà kan ti dí nínú, tàbí pé òróró ti ta sí ara páàdì.

Nígbà tí Bàbá bá wa wọ abẹ́ ọkọ̀ náà, kò pẹ́ tí ó fi rí ohun tí a kò rí. Lókè ọ̀pá táyà ẹ̀yìn, níbi tí páìpù kọjá lára irin ọkọ̀, eruku ibẹ̀ tutù, ó sì dúdú ju ti àyíká rẹ̀ lọ. Ó fi àkísà nù ún. Páìpù náà ti dógùn-ún, ó ti rí jákujàku. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sí títì níhìn-ín nígbà yìnyín ni ó jẹ ẹ́. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń ra ọkọ̀ àtijọ́ ránṣẹ́ sílé, ẹ má ṣe wo ọ̀dà ara rẹ̀ nìkan. Ẹ dùbúlẹ̀, ẹ tan iná wo páìpù bíréèkì láti iwájú dé ẹ̀yìn. A ra páìpù tí a fi kọ́pà àti níkẹ́ẹ̀lì ṣe, èyí tí kì í dógùn-ún, a sì jẹ́ kí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe bá wa fi sí i.

Ọ̀rọ̀ òróró náà kù. Àwọn mẹkáníìkì wa nílé a máa pè é ní ọ́ìlì bíréèkì, orúkọ yìí sì ti tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Kì í ṣe ọ́ìlì rárá. Bí ẹ bá da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí i, gbogbo rọ́bà inú rẹ̀ yóò wú, bíréèkì yóò sì bàjẹ́ láti másítà dé táyà. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sí ìdérí agolo: DOT 3, DOT 4 tàbí DOT 5.1. Èyí tí ó ń jẹ́ DOT 5 lásán yàtọ̀ sí wọn, kò sì gbọdọ̀ dàpọ̀ mọ́ wọn. Àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ a máa fa omi láti inú afẹ́fẹ́, nítorí náà ẹ má lo èyí tí ó ti wà ní ṣíṣí fún ìgbà pípẹ́. DOT 4 tuntun kò gbọdọ̀ hó kí ooru rẹ̀ tó dé 230 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ṣùgbọ́n bí omi bá ti wọ̀ ọ́, ó lè hó ní 155. Bí ó bá hó, ó di ooru, ooru sì ṣeé fún pọ̀ bí atẹ́gùn. Ẹ fojú inú wo bàbá arúgbó kan nínú píkọ́ọ̀pù tí iṣu kún ẹ̀yìn rẹ̀, tí ó ń sọ̀kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè Ẹ̀fọ̀n, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kúrò lórí bíréèkì.

Nísinsìnyí tí a ti dí ihò, a lè tú atẹ́gùn. Bí a ṣe ṣe é nìyí.

Ẹ gbé ọkọ̀ sí ilẹ̀ títẹ́jú, kí ẹ fi nǹkan dí táyà tí ó kù nílẹ̀. Ẹ má wọ abẹ́ ọkọ̀ tí ó dúró lórí jáàkì nìkan láéláé; ẹ fi ẹsẹ̀ irin gbé e ró. Lẹ́yìn, abẹ́ ọ̀pá táyà gan-an ni kí ẹ fi ẹsẹ̀ irin sí. Níbí ni àwa ti ṣe àṣìṣe kejì. Ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù ní fáàfù kan lẹ́yìn tí ń wọn ẹrù: bí ẹ̀yìn bá wúwo, a jẹ́ kí òróró kọjá dáadáa, bí ó bá fúyẹ́, a dín in kù. Àwa gbé ara ọkọ̀ sókè, ọ̀pá táyà ń fì nísàlẹ̀, fáàfù sì rò pé kò sí ẹrù rárá. Òróró kò ráyè kọjá, atẹ́gùn sì jókòó síbẹ̀.

Ẹ nu ẹnu agolo kí ẹ tó ṣí i. Ẹ fa òróró àtijọ́ inú rẹ̀, ẹ bu tuntun sí i. Ẹ ta epo sí ìdí nọ́ọ̀tì kékeré tí a fi ń tú atẹ́gùn, kí ó wà bẹ́ẹ̀ mọ́jú, kí ẹ sì lo sípánà tí ó gbá orí rẹ̀ mú yíká, nítorí pé nọ́ọ̀tì tí ó ti dógùn-ún a máa kán. Táyà tí ó jìnnà sí másítà jù ni a fi ń bẹ̀rẹ̀. Nínú ọkọ̀ tí ìdarí rẹ̀ wà lápá ọ̀tún bí ti ìhín, ẹ̀yìn lápá òsì ni ó sábà máa ń jẹ́. Lẹ́yìn náà ẹ̀yìn lápá ọ̀tún, iwájú lápá òsì, kí a sì fi iwájú lápá ọ̀tún parí rẹ̀. Bí fáàfù ẹrù bá ní nọ́ọ̀tì tirẹ̀, ẹ tú u pẹ̀lú, ní àkókò tí ìwé ọkọ̀ náà bá sọ.

Ẹ ki rọ́bà tí ó mọ́ gaara bọ nọ́ọ̀tì, kí ẹnu rẹ̀ kejì rì sínú òróró tí ó wà nínú ìgò. Ẹnì kan yóò wà nínú ọkọ̀, ẹnì kan nídìí táyà, wọn yóò sì máa dá ara wọn lóhùn. Ti ìdí táyà yóò ní, "Tẹ̀ ẹ́!" Ti inú ọkọ̀ yóò tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, yóò ní, "Mo ti tẹ̀ ẹ́." Ti ìdí táyà yóò tú nọ́ọ̀tì díẹ̀, òróró àti atẹ́gùn yóò jáde, yóò sì dí i padà. Ìgbà yìí ni yóò tó sọ pé, "Gbé e!" Bí ẹni inú ọkọ̀ bá gbé ẹsẹ̀ kí nọ́ọ̀tì tó dí, atẹ́gùn yóò tún wọlé. Ẹ ṣe é títí tí òróró tí ó mọ́, tí kò ní ìfófòó, yóò fi máa jáde. Ẹ máa wo agolo òkè nígbà gbogbo. Bí ó bá gbẹ, ẹ óò tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni. Bàbá tún kọ́ wa pé kí a fi pákó kékeré sí abẹ́ pẹ́dàlì kí ó má baà lọ dé ilẹ̀, nítorí pé nínú másítà àtijọ́, ìsàlẹ̀ tí rọ́bà kì í dé tẹ́lẹ̀ lè ti dógùn-ún, kí ó sì gé e.

Òróró yìí a máa bó ọ̀dà ọkọ̀, ó sì lóró. Ẹ má dà á sí gọ́tà, ẹ má sì fi sínú ìgò tí ọmọdé lè mu. Bí ọkọ̀ yín bá ní bíréèkì ABS, ẹ ka ìwé rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, nítorí pé òmíràn nílò ẹ̀rọ kí atẹ́gùn rẹ̀ tó lè jáde tán.

Bí ẹ bá ṣe tán, ẹ tẹ pẹ́dàlì, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ lé e fún ìṣẹ́jú kan. Kò gbọdọ̀ rì. Ẹ tún wo ìdí táyà kọ̀ọ̀kan bóyá ó ń jò. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wà á díẹ̀díẹ̀ níbi tí kò sí ènìyàn. Bí iyè méjì bá ṣì wà lọ́kàn yín, ẹ pe oníṣẹ́. Ní ilẹ̀ yìí, ẹni tí ó bá wa ọkọ̀ tí ó léwu lè san owó ìtanràn tí ó tó £2,500, kí wọ́n sì fi àmì mẹ́ta sí ìwé àṣẹ ìwakọ̀ rẹ̀. Owó kọ́ ni ó burú jù níbẹ̀.

Ọkọ̀ ojú omi ọ̀sẹ̀ náà lọ, kò dúró dè wá. Arákùnrin wa bínú ní ọjọ́ náà, a kò sì bá a jà, nítorí pé owó tí ó san kì í ṣe owó kékeré fún ọmọ ilé ìwé. Ó ní àwọn mẹkáníìkì wà nílé tí wọn ìbá tún un ṣe. Òótọ́ ni, wọ́n wà, wọ́n sì mọṣẹ́. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún wọn pé nǹkan ń ṣe é? Bàbá rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ mọ̀, lórí òkè. Ohun tí a kò lè wà lọ sí Rainham Road, kò yẹ kí a fi í ránṣẹ́ sí ẹni tí ó bí wa.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọkọ̀ mìíràn gbé píkọ́ọ̀pù náà. Kí ó tó lọ, a kọ̀wé kékeré kan sí abẹ́ bọ́ńẹ́ẹ̀tì rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ másítà: oṣù àti ọdún tí a pààrọ̀ òróró rẹ̀, pé DOT 4 ni, pé kí wọ́n tún pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ọdún méjì, àti pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí i. Arákùnrin wa ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́, kí bàbá rẹ̀ lè mọ ẹni tí ó kọ ọ́.

Ní oṣù tí ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá dá wa sí, a ó mú ìlérí wa ṣẹ lórí ẹrù dídì. Ẹ máa kọ ìbéèrè yín ránṣẹ́. Kí Ẹlẹ́dàá má jẹ́ kí a rìn ní ọjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà.